Ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru àti mọ́nítọ̀: lásán, Bluetooth tàbí Wi-Fi?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru fún àwọn òbí yín ní Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, èyí tó ń lo bátìrì lásán, tí kò ní Bluetooth tàbí Wi-Fi, ló dára jù lójú tiwa. Ẹnikẹ́ni kò lè jí wọ inú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn láìfọwọ́ kàn án, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ, kò kàn án. Ẹ fi owó tó bá ṣẹ́kù wá aṣọ ìwépá tó bá wọn mu: ti apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà ló wọ́pọ̀. Bí apá bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ máa gbé jáde yóò ga ju òótọ́ lọ.

Oní-Bluetooth wúlò bí ọmọ tó wà ní Abuja bá fẹ́ máa rí àbọ̀. Nǹkan bíi mítà 10 ni Bluetooth sábà ń dé, nítorí náà áàpù tó ń kó àbọ̀ yẹn lọ síta gan-an ni kí ẹ ṣọ́. Bó bá ní kí ẹ jẹ́ kóun wo orúkọ àwọn tó wà lórí fóònù yín, ẹ yọ ọ́ kúrò. (Lórí Android 11 sí ìsàlẹ̀, ó máa béèrè ibi tí ẹ wà kó tó lè wá Bluetooth, ìyẹn kì í ṣe àléébù.) Kí ẹ tó sanwó, ẹ so fóònù kan mọ́ ẹ̀rọ, ẹ pa Bluetooth fóònù náà, kí ẹ wá fi fóònù kejì gbìyànjú. Bó bá wọlé láìjẹ́ pé ẹ tẹ bọ́tìnnì kankan lára ẹ̀rọ tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Mọ́nítọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní kílíníìkì, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bí ara aláìsàn ṣe ń ṣe, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, CISA (àjọ ààbò orí kọ̀ǹpútà) àti FDA (àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn) ti Amẹ́ríkà kéde pé mọ́nítọ̀ Contec CMS8000, tí wọ́n tún ń tà lórúkọ Epsimed MN-120, ní ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú, tí ẹlòmíràn lè gbà wọ inú rẹ̀. Tó bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń kó ọ̀rọ̀ aláìsàn ránṣẹ́ síta. FDA ní kí wọ́n yọ okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, kí wọ́n sì pa Wi-Fi rẹ̀. Èyí tí kò bá ṣeé pa, kí wọ́n má lò ó mọ́.

Bí kò bá sí ẹni tó ń wo mọ́nítọ̀ láti yàrá nọ́ọ̀sì, kí lẹ fẹ́ fi Wi-Fi ṣe? Bó bá pọndandan, ẹ ra ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi) tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má sì so íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn: mọ́nítọ̀ kò nílò rẹ̀ láti bá kọ̀ǹpútà inú ilé sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fún aláìsàn ní ínsúlínì ńkọ́? Ẹ má ra tòkunbọ̀ MiniMed 508 tàbí Paradigm àtijọ́. Ní 2019, FDA kìlọ̀ pé ẹni tó bá wà nítòsí lè fi rédíò pàṣẹ fún un kó tú ínsúlínì tó pọ̀ jù sára aláìsàn, Medtronic, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kò sì rí i tún ṣe. Orúkọ náà wà lára rẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó dúnàá dúrà.