Ẹ̀rọ awawúrà: Gold Monster, Gold Bug 2 tàbí GPX, èwo ni ilẹ̀ wa gbà?

Ẹni tó ń gbé ní Súrùlérè tàbí Yábàá, tó sì fẹ́ ra ẹ̀rọ awawúrà, ìyẹn metal detector tó máa ń ké bí wúrà bá wà nínú ilẹ̀, kò lè dán an wò lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Orí iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí òkun àti ọ̀sà kó jọ ni Èkó wà, kò sí hóró wúrà níbẹ̀. Ilẹ̀ wúrà jìnnà sí wa: agbègbè Iléṣà ní Ọ̀ṣun, ilẹ̀ Yàgbà ní Kogí, títí dé Niger, Kebbi àti Zamfara. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn wá fi ń rà á, ohun kan ṣoṣo náà sì ni ọlọ́jà máa ń sọ: "Ó ń gbọ́ wúrà tó jìn gan-an nínú ilẹ̀." Ẹ fi jíjìn yẹn sílẹ̀ ná. Irú ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ ló yẹ kó yan ẹ̀rọ fún yín, ilẹ̀ wa sì le fún ẹ̀rọ.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú wúrà tó wà níbẹ̀

Kí ẹ tó wo ẹ̀rọ kankan, ẹ bi àwọn tó ń wa ilẹ̀ níbẹ̀ irú wúrà tó ń jáde. Ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́ wúrà lẹ́búlẹ́bú. Tó bá jẹ́ èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun ni wọ́n ń fi igbá fọ̀ nínú odò, kò sí ẹ̀rọ tó máa ké lórí rẹ̀, bó ti wù kó wọ́n tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni wúrà tó fọ́n ká sínú òkúta, bíi ti Segilola nítòsí Iperindo, tí ilé-iṣẹ́ Thor Explorations ti ń wà láti 2021. Ẹni tó lágbára àtifọ́ òkúta ló ni irú iṣẹ́ yẹn. Hóró tó ṣeé fi ìka mú ni ẹ̀rọ wà fún. Bí wọn ò bá lè fi ẹyọ hóró kan tó jáde láti ilẹ̀ náà hàn yín, ẹ di owó yín mú.

VLF àti PI

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó dára ń gbà ṣiṣẹ́. VLF, ìyẹn very low frequency, ń rán ìgbì jáde láìdáwọ́dúró láti inú kọ́ìlì, awo tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ tí ẹ ń fì lórí ilẹ̀, ó sì ń gbọ́ èsì lẹ́ẹ̀kan náà. kHz ni wọ́n fi ń wọn bí ìgbì yẹn ṣe ń yára gbọ̀n tó. Bí kHz bá ṣe ga tó ni ẹ̀rọ á ṣe gbọ́ hóró kékeré tó, kódà èyí tí kò ju orí ìṣáná lọ. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe máa gbọ́ irin inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wa wà, nítorí irin ló kún inú ilẹ̀ pupa àti yangí. Ẹ gbé VLF tí kHz rẹ̀ ga sórí yangí, ó lè máa ké láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí wúrà kankan níbẹ̀. Ẹ ó ní láti dín agbára rẹ̀ kù kó tó dákẹ́, jíjìn tí ọlọ́jà ṣèlérí á sì bá a lọ.

PI, ìyẹn pulse induction, máa ń ta agbára sínú ilẹ̀, á dáwọ́ dúró, á wá fetí sílẹ̀. Ohùn yangí máa ń tètè kú, ti hóró wúrà tó tóbi díẹ̀ máa ń pẹ́ jù ú lọ, ẹ̀yìn tí ohùn ilẹ̀ ti lọ ni PI ń gbọ́ wúrà. Ìdí nìyẹn tó fi ń borí VLF lórí ilẹ̀ pupa. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣó yàtọ̀ sí wúrà. Níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbẹ́lẹ̀ tipẹ́, tí ìṣó, wáyà àti ìdérí ìgò pọ̀ jọjọ, gbogbo rẹ̀ lẹ ó máa hú nínú oòrùn.

Àwọn ẹ̀rọ náà fúnra wọn

Gold Monster 1000 jẹ́ VLF tí Minelab ti Australia gbé jáde ní 2017. 45 kHz ni, kò tó kìlógíráàmù kan àbọ̀, ó sì ń bá ilẹ̀ mu fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń yí nǹkan kiri. Kọ́ìlì méjì ló ń bá a wá, kékeré inú wọn dára láàárín gbòǹgbò àti òkúta. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé ó ń gba bátìrì AA tí ẹ lè rí rà lábúlé, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń cháàjì. Ẹni tó bá ti sùn níbi tí iná kò ti dé fún ọ̀sẹ̀ kan mọ ohun tí mò ń wí.

Gold Bug 2 ti Fisher jẹ́ 71 kHz. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, bátìrì 9V méjì ló ń lò, ọwọ́ yín lẹ ó sì fi tò ó bá ilẹ̀ mu. Ó gbọ́ wúrà kékeré ju Gold Monster lọ, ṣùgbọ́n lórí yangí ó ń fẹ́ ẹni tí etí rẹ̀ ti já fáfá. Mi ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti rà á. Bó bá jẹ́ inú odò lẹ ti fẹ́ máa ṣiṣẹ́, Gold Kruzer ti Nokta, láti Turkey, wà pẹ̀lú 61 kHz, omi kò sì lè ṣe é ní nǹkan títí dé mítà 5.

GPX ti Minelab ni ti PI. GPX 5000, tó jáde ní 2010, lágbára gan-an, àmọ́ ẹ̀yìn lẹ ó gbé bátìrì rẹ̀ pọ̀n, ohun tí ẹ ó sì máa tò lórí rẹ̀ pọ̀. GPX 6000, ti 2021, jẹ́ kìlógíráàmù 2.1, ó ń tò ara rẹ̀, ó sì ń gbọ́ hóró kékeré tí 5000 máa ń fò dá. Garrett ti Amẹ́ríkà náà gbé Axiom jáde ní 2022, PI ni òun náà.

Owó ló wá kù. Owó GPX 6000 kan lè ra Gold Monster márùn-ún tàbí mẹ́fà. Tí ẹ bá fẹ́ dá nìkan ra ẹ̀rọ, tí ẹ kò sì tíì mọ ilẹ̀ náà dáadáa, Gold Monster ni kí ẹ mú. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ yangí, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń rí hóró ńlá, kí ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin da owó pọ̀ fún GPX 6000.

Ayédèrú

Ibí yìí ló ń dùn mí jù, nítorí owó àjọ àti owó ifẹ̀yìntì ni àwọn èèyàn ń kó síbẹ̀. GPX 4500 àti 5000 ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù, Minelab fúnra wọn sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀: àwọ̀ kan náà, páálí kan náà. Bí ẹnì kan bá gbé GPX 5000 "tuntun" wá ní iye tó sún mọ́ ti Gold Monster, ẹ má dúró náà á. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ sílẹ̀, kí ẹ fi bi Minelab tàbí aṣojú wọn léèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Tòkunbọ̀ ojúlówó sàn ju tuntun ayédèrú lọ fíìfíì.

Ìkejì ni àwọn ẹ̀rọ aláńtẹ́nà méjì tí wọ́n ní ó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí wúrà láti ọ̀ọ́dúnrún mítà. Kò sí irú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ADE 651 tí James McCormick tà fún ìjọba Iraq pé ó ń wá bọ́ǹbù. Ilé ẹjọ́ ní Ìlú Ọba rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10 ní 2013. Ní Alábà tàbí Kọ̀ǹpútà Fílééjì, bí ẹ bá sì kàn béèrè "detector", wọ́n lè nawọ́ sí èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń yẹ ara wò lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Wíwá ìbọn lòun wà fún, kì í ṣe wíwá wúrà.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò l'Ékòó

Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà dán an wò fún yín ní Tarkwa Bay tàbí Ẹlẹ́gùṣì. Iyanrìn funfun tó gbẹ kì í pariwo, ẹ̀rọ burúkú pàápàá á dà bí ẹni pé ó dára lórí rẹ̀, omi iyọ̀ etí òkun á sì da èyí tó dára rú. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni kí ẹ wá lọ, ní Àjàh tàbí Ìkòròdú, níbi tí típà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ da ilẹ̀ pupa sílẹ̀. Ẹ ra òjé kékeré tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, nítorí ohùn òjé sún mọ́ ti wúrà. Ẹ rì í sínú òkìtì náà ní ìbú ọwọ́ kan, lẹ́yìn náà kí ẹ rì í sínú iyanrìn ní ìbú kan náà. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá gbọ́ ni ohun tí ilẹ̀ pupa ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ yẹn. Ẹ jìnnà sí wáyà iná, jẹnẹrétọ̀ àti òpó GSM, kí ẹ sì pa fóònù, nítorí wọ́n ń da ẹ̀rọ rú, PI ní pàtàkì.

Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 fi gbogbo wúrà inú ilẹ̀ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, Mining Cadastre Office l'Ábújá ló sì ń fúnni níwèé àṣẹ. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ wọ mọ́tò ní Ọjọ́ta, ẹ wá ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ náà, kí ẹ rí baálẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ó ṣe pín ohun tó bá jáde.