Pizza Naples àbí Pizza Róòmù: Èwo Ló Yẹ Ká Rà Gbé Lọ Sílé?

Ẹni tó bá fẹ́ ra pizza nílé oúnjẹ àwọn ará Ítálì tó wà ládùúgbò rẹ̀, tí kò sì ní í jókòó jẹ ẹ́ níbẹ̀, oríṣi méjì ni yóò sábà bá pàdé. Èkíní ni ti Naples, ìlú kan ní gúúsù Ítálì, tó rí roboto, tí àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí etí rẹ̀ sì wú sókè. Èkejì ni ti Róòmù, èyí tí wọ́n ń yan nínú páànù onígun mẹ́rin, tí wọ́n sì ń fi àlùmọ́gàjí gé tà lórí òṣùwọ̀n. Mo ti ra méjèèjì gbé lọ sílé lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n bá sì wà lórí tábìlì ilé oúnjẹ, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí tó dùn jù. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí dá lórí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí wọn láàárín ẹnu ààrò àti ẹnu ọ̀nà ilé ẹni.

Ibẹ̀ gan-an ni pizza Naples ti máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé jáde lọ́dún 2010 láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ìbílẹ̀ sọ pé ooru ààrò yóò dé nǹkan bí ìwọ̀n 485 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti pé ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90 péré ni pizza náà yóò lò nínú rẹ̀. Iná tó mú tó bẹ́ẹ̀ máa ń tètè yan etí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún omi inú tòmátò àti mozzarella tútù, ìyẹn wàràkàṣì funfun rírọ̀ ti Ítálì, láyè láti gbẹ tán. Rírọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ kí ó rọ̀, kí ó ṣeé ṣẹ́ po bí ìwé. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, adùn rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá dé e mọ́ inú páálí, ooru omi tó ń jáde lára rẹ̀ á gbéra lọ sí ìdérí, á di ẹ̀kán omi níbẹ̀, á sì máa kán padà sórí wàràkàṣì. Èyí tó wà lábẹ́ kò ríbi gbà jáde, ara páálí ló ń wọ̀, ìsàlẹ̀ pizza á sì máa mu ún padà.

Nígbà kan tí mo ní àlejò, ilé oúnjẹ kan tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò lábùkù bí ènìyàn bá jókòó síbẹ̀ ni mo ti ra èyí tó tó gbogbo ilé jẹ. Wọ́n dé àwọn páálí náà pinpin, wọ́n tò wọ́n léra, wọ́n sì fi okùn dì wọ́n. Nígbà tí a ṣí wọn, ìdérí èyí tó wà nísàlẹ̀ ti tẹ̀ wọ inú, ó ti lẹ̀ mọ́ wàràkàṣì, bí a sì ti ń gbé ègé kan sókè báyìí ni àárín rẹ̀ ń já, tí tòmátò ń ṣàn sílẹ̀, etí nìkan ló kù lọ́wọ́ àlejò. Mo pè wọ́n. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé bí pizza Naples ṣe ń rí nìyẹn. Owó mi kò padà. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọn kò parọ́: ìlànà kan náà tí mo mẹ́nu bà lókè sọ ọ́ pé ó dára jù kí a jẹ pizza náà níbi tí wọ́n ti ṣe é, ní kété tó bá jáde nínú ààrò. Ẹni tó ń tà á gbé jáde ìbá ti sọ ìyẹn fún oníbàárà kó tó gba owó.

Ti Róòmù yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì lè yà yín lẹ́nu, torí òun gan-an ni omi pọ̀ sí jù nígbà tí wọ́n bá ń po ìyẹ̀fun rẹ̀. Lítà omi kan ni ti Naples ń gbà fún nǹkan bí kìlógíráàmù ìyẹ̀fun 1.8, ti Róòmù lè gbà tó gíráàmù omi 800 fún kìlógíráàmù ìyẹ̀fun kan. Ṣùgbọ́n ààrò rẹ̀ kò gbóná tó ti Naples, ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 300 tàbí kí ó dín díẹ̀, ó sì lè lo ìṣẹ́jú 15 níbẹ̀, débi pé omi náà á ráyè fò lọ, á fi ihò sílẹ̀ nínú rẹ̀, òróró ólífì tí wọ́n fi pa páànù á sì din ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan gbé ègé rẹ̀, yóò dúró gbọnrangandan. Àwọn tó ń tà á ní Róòmù fúnra wọn máa ń tò ó sórí káńtà, wọ́n á sì gbé e padà sínú iná nígbà tí oníbàárà bá mú tirẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n ti pète àtigbóná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kò ní í bínú bí ẹ bá tún un gbóná nílé.

Ní ti adùn tòmátò àti mozzarella, Naples ló borí. Ní ti iye, odidi lẹ ó ra ti Naples, àmọ́ ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́ ni wọn yóò gé fún yín nínú ti Róòmù, oríṣi mẹ́ta sì lè wà nínú páálí kan. Bí ó bá tutù, ẹ gbé e sórí páànù gbígbẹ lórí iná kékeré. Máíkírówéèfù á mú kí etí rẹ̀ yi. Ní ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fi alùpùpù gbé pizza kiri, wàràkàṣì tí omi rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n sábà ń lò, ó sì ń bá wọn dé ilé láìyingin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ará Ítálì kò nídìí láti máa ronú kàn án.

Oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó yẹ. Bí ilé yín bá sún mọ́ débi pé ẹ lè fẹsẹ̀ rìn padà kí páálí tó tutù, tí àwọn tí yóò jẹ ẹ́ sì ti jókòó dè yín, ẹ ra ti Naples. Bí ẹ bá ní láti wọkọ̀, bí ọ̀nà bá lè dí, bí àlejò bá lè pẹ́ dé, bí ọmọ bá wà nílé tí kò tíì ṣe tán láti jẹun, tàbí bí ẹ bá fẹ́ fi díẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀la, ti Róòmù ni. Ẹni tó bá sì kọ̀ jálẹ̀ pé ti Naples lòun fẹ́ gbé rìn, kó sọ fún wọn kí wọ́n má gé e, torí ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà ni omi tòmátò ń gbà wọ ìsàlẹ̀. Kó ní kí wọ́n fi páálí sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí wọ́n tó dé e, kó má sì jẹ́ kí wọ́n to ohunkóhun lé e lórí.