Ẹ̀yin tó ń ra PlayStation àtijọ́ ní Ìkòròdú, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń wá PlayStation àkọ́kọ́ rà ní Ìkòròdú lásìkò yìí, kó jọ̀ọ́ ka èyí kó tó wọkọ̀ lọ sí Sábó. Ọkùnrin kan ń tà á níbẹ̀, géèmù OverBlood ló sì máa ń fi sínú rẹ̀. N kò lè dárúkọ rẹ̀ fún yín, torí orúkọ tó pe ara rẹ̀ fún mi yàtọ̀ sí èyí tó jáde lójú fóònù mi nígbà tí mo fẹ́ sanwó. Ó yẹ kí n ti fura látibẹ̀. Mo san ₦65,000.

Mo ní láti sọ irú géèmù tí OverBlood jẹ́, torí abẹ́ rẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà sá pamọ́ sí. Riverhillsoft ló ṣe é ní Japan, wọ́n gbé e jáde níbẹ̀ ní 1996, Electronic Arts sì gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1997. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Raz ló jí láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi òtútù tẹ́ ẹ sùn sí, nínú ilé ìwádìí kan tí kò mọ bó ṣe débẹ̀. Róbọ́ọ̀tì kékeré kan, Pipo, ń tẹ̀ lé e kiri. Nígbà tó yá, obìnrin kan, Milly, dara pọ̀ mọ́ wọn, ẹ sì lè fi ẹnì kan sílẹ̀ kí ẹ máa darí ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń gbá lórí PlayStation nígbà náà, wọ́n á ní kí lẹ wí.

Ṣùgbọ́n ti dídarí rẹ̀, ẹ má bi mí! Ọ̀tún àti òsì kì í gbé Raz lọ sápá ibẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń yí i lójú kan. Òkè ni ẹ máa tẹ̀ kó tó rìn, ibi tó bá sì kọjú sí náà ló ń lọ, ì báà jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹni ń ti ọmọlanke iṣu gba àárín ọjà ló rí: ẹ dúró ná, ẹ yí orí rẹ̀, kí ẹ tó tì í. Ẹ ó gbá ògiri, ẹ ó gbá àpótí, ẹ ó sì kọjá ẹnu ọ̀nà tí ẹ fẹ́ wọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò bá gbá a rí á gbé páàdì, ohun tí a ń dì mú lọ́wọ́ tí a fi ń darí géèmù, sókè wò, á ní ó ti bàjẹ́.

Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó wá dorí ọ̀rọ̀ náà kodò. Páàdì tó bàjẹ́ ló ń tà, kí ẹ lè rò pé géèmù ni.

Lọ́jọ́ tí mo lọ, wọ́n ti mú iná lọ, ló bá tan jẹnẹrétọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ di páàdì mú. Raz ń rìn geerege, ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń yà sí kọ̀rọ̀. Ó wá fún mi fún bí ìṣẹ́jú méjì, mo gbá ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ọwọ́ yín máa mọ́ ọn.” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, mo gbé e lọ sílé. Wáyà aláwọ̀ eérú ló wà lára páàdì tí mo dì mú ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí mo bá nínú ọ̀rá, dúdú ni wáyà tirẹ̀. Mo rí i, mi ò kà á sí nǹkan kan.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yí Raz gba apá òsì nìkan. Tí mo bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, á dúró gbagidi, èmi náà á wá yí i gba òsì yípo títí á fi kọjú síbi tí mò ń lọ. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ó ń débẹ̀! Mo tiẹ̀ ń bú àwọn ará Japan tó ṣe é. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé láti Agric, ó ki CD bọ́ọ̀lù bọ̀ ọ́, kò tíì gbá a dé ìdajì tó fi kígbe: “Ańkù, èèyàn mi ò lè sáré sọ́tùn-ún o!”

Mo gbé páàdì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún wọn ṣe. Rọ́bà ló máa ń wà lábẹ́ bọ́tìnnì, tí dúdú ìdí rẹ̀ á fi kan irin tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ti ọ̀tún ti já, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kí bọ́tìnnì má baà mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń rà á. Ẹni tó fi gọ́ọ̀mù sí i mọ ohun tó ń ṣe. Atúnṣe náà ní èmi kọ́ ni àkọ́kọ́. Ti ẹni tó wá ṣáájú mi, bọ́tìnnì òsì ni, OverBlood náà ló sì bá a wá.

Mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò tíì gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń sọ nípa géèmù yẹn ni?” Nígbà tí mo dárúkọ gọ́ọ̀mù, ó gé fóònù, nọ́ńbà rẹ̀ ò sì wọlé fún mi mọ́.

CD náà ńkọ́? Ó ní ojúlówó ni, ó tún búra pé ẹnikẹ́ni ò tú ẹ̀rọ náà rí. Dúdú ni abẹ́ CD PlayStation àkọ́kọ́ tó jẹ́ ojúlówó (àwọn aládàkọ kan ń ṣe dúdú náà o, ẹ má fi ìyẹn nìkan gbà á). Tirẹ̀ ń dán bíi dígí. Àmì kan sì wà lára ojúlówó tí ẹ̀rọ máa ń wá kí ó tó gbà á, tí ẹni tó ń dà á kọ ní ilé kò lè dà kọ. Tí ẹ̀rọ bá gba àdàkọ wẹ́rẹ́ báyìí, ẹnì kan ti tú u, ó ti fi chip tó ń jẹ́ kó gba àdàkọ sí i.

Tí ẹ bá máa lọ bá ẹnikẹ́ni ra tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fi irú géèmù yìí dán an wò fún yín. Ẹ ní kó yọ CD kúrò, kó tan ẹ̀rọ lásán. Ojú ìwé kan máa jáde, méèmórì káàdì (ibi tí géèmù ń tọ́jú ibi tí ẹ gbá a dé sí) àti CD ló wà níbẹ̀. Ẹ wọ inú méèmórì káàdì, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé àmì lọ sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Páàdì tí ẹ bá fi ṣe é, ẹ má gbé e sílẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi délé. Kí ẹ tún dojú ẹ̀rọ dé, kí ẹ ka ìdí rẹ̀: ti Amẹ́ríkà, 120V, ti Japan, 100V. 230V ni iná tiwa. Ti Amẹ́ríkà ló tà fún mi, kò sì bá mi sọ nǹkan kan. Step-down, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, tí mo ti ní nílé ló kó mi yọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èéfín ni ǹ bá máa kọ nípa rẹ̀ báyìí.

Lánàá mo rí i tó tún gbé òmíràn síta, ₦70,000. Àwòrán tó fi ta tèmi náà ni: àga oníke aláwọ̀ ewé, Raz níwájú ilẹ̀kùn lójú tẹlifíṣọ̀n, páàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aláwọ̀ eérú ni wáyà páàdì inú àwòrán. Ẹ bi í léèrè àwọ̀ èyí tó máa kó sínú ọ̀rá.