Idẹ rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ìwé rẹ̀ ni kò dáa: bí mo ṣe to J72 lórí tábìlì ìdáná

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi to ọkọ̀ yìí, kò sì gùn tó fóònù mi. Ìyàwó mi ní tó bá jẹ́ ilé ni mo ń kọ́ láti ìgbà yẹn, à bá ti kan òrùlé.

Ọkọ̀ ojú irin ni, àwòkọ orí ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní J72, tí èèyàn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò láti inú pátákó idẹ pẹlẹbẹ. Gbogbo ẹni tó rí fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ mi ló ń béèrè ibi tí mo ti rà á. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ń ṣe é, torí mo ní ẹjọ́ rò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò sì sí níbí láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ ó gbọ́ gbogbo ohun tí ojú mi rí.

Páálí rẹ̀ tinrin bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pátákó irin mẹ́ta: méjì jẹ́ idẹ, ìkẹta jẹ́ nickel silver, tó funfun bíi fàdákà ṣùgbọ́n tí kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rá kékeré kan tún wà tí wọ́n kó àwọn ohun tí wọ́n fi òjé rọ sí: ọ̀pá èéfín, agolo roboto tó máa ń wà lórí bọ́ìlà, àti bọ́fà mẹ́rin, ohun tó ń gba ìkọlù níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀. Wáyà díẹ̀, ìwé àlàyé ojú mẹ́fà, ó tán. £98. Kò sí ẹsẹ̀, kò sí mọ́tò iná, kò sí jíà. Mo ra ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní £36, mọ́tò àti jíà ní £62, lẹ́ẹ̀dì àti omi ásíìdì tí a fi ń jó irin mọ́ra àti àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn ní £21, ọ̀dà ní £14. £231 nìyẹn, mi ò sì tíì ka áyọ́ọ̀nù tí mo fi jó o mọ́ ọn. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé kò sí ẹsẹ̀ àti mọ́tò nínú rẹ̀, n kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ kéré bíi ti ara oògùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin irin yẹn, nítorí ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín bá ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ rí, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Abẹ́òkúta ni ìyá mi ti wá, mo sì mọ ìyẹ́ adìẹ tó fi ń tẹ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní wọ ibẹ̀. Idẹ yìí náà nìyẹn: wọ́n á fi ohun kan bo ibi tí wọn kò fẹ́ kó jẹ, wọ́n á wá tú ásíìdì sí i. Níbi tí kò bá sí ìbòrí lójú méjèèjì, ásíìdì á jẹ ẹ́ já pátápátá. Níbi tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni wọn kò bò, á jẹ ẹ́ dé ìdajì, ojú ìlà tí èèyàn máa ti ṣẹ́ ẹ nìyẹn. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé fèrèsé ilé awakọ̀ ní etí tí kò nípọn ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, kò sì sí ibì kan tó wọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ J72? Gateshead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, odò Tyne nìkan ló wà láàrin èmi àti ibùdókọ̀ ojú irin Newcastle. Ọkọ̀ yìí ti jẹ́ ẹrú ibẹ̀ rí: òun ló ń fa kọ́ọ̀ṣì wọlé tó ń tì í síta, tí ọkọ̀ ńlá á wá gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn gba ìyìn. Ẹ́ńjìnnìà Wilson Worsdell ló ṣe é fún ilé iṣẹ́ rélùwéè North Eastern Railway ní 1898. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ṣì ń kàn án ní 1951, lẹ́yìn tí ìjọba ti gba rélùwéè gbogbo ilẹ̀ náà, tí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. 113 ni gbogbo rẹ̀. Ní 1898 yẹn, wọ́n ṣì ń tẹ́ irin láti Èkó bọ̀ wá sí Ìbàdàn. 1901 ni ọkọ̀ dé ọ̀hún. Bàbá mi ṣe iṣẹ́ bọ́ìlà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́tta títí òòlù fi gba etí rẹ̀ kan, àwa ọmọ rẹ̀ sì kọ́ láti máa jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀ tí a bá fẹ́ tọrọ owó.

Ọmọ mi ní, "Dádì, Bachmann ń ta èyí tí wọ́n ti tò tán o." Mo mọ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ máa sáré lórí irin lálẹ́ òní, kó lọ ra tìyẹn, kò ní kábàámọ̀. Èmi fẹ́ jó irin.

Jíjó irin yẹn gan-an ló kọ́kọ́ tàbùkù mi. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù wáàtì 25 tún rédíò ṣe fún ogún ọdún, mo rò pé mo mọ lẹ́ẹ̀dì. Idẹ kì í ṣe wáyà rédíò. Bí o bá ti fi iná kàn án, á gbé e sá lọ sí gbogbo ara, lẹ́ẹ̀dì á wá dì bí àmàlà tó tutù. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi jìyà kí n tó lọ ra ti wáàtì 60. Ìwé wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa wáàtì. Kò sì sọ pé kéèyàn ní oríṣi lẹ́ẹ̀dì tó ju ẹyọ kan lọ: èyí tó ń yọ́ ní dígírì 188 fún iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ le, èyí tó ń yọ́ ní 145 fún ohun tí a bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn náà kí ti àkọ́kọ́ má baà jábọ́, àti ti dígírì 70 fún òjé. Ẹni tí kò bá mọ èyí, bó ṣe ń lẹ àtẹ̀gùn ni ògiri máa já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sì mọ̀ nípa ti dígírì 70 yẹn lẹ́yìn tí mo ti fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná janjan kan ọ̀pá èéfín. Ó yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sínú oòrùn. Mo jókòó, mò ń wò ó. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo bà á jẹ́, mo ní kó sọ iye tí òmíràn jẹ́. Ọjọ́ kẹrin, ọ̀pá èéfín méjì dé nínú àpòòwé, kò gba kọ́bọ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan pé ìkejì wà fún ìgbà tí mo bá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, ó sì tún ta mí.

Ìwé ojú mẹ́fà yẹn lẹ̀bi rẹ̀ pọ̀. "Ṣẹ́ apá 14," ó parí. Ìhà wo ni kí n ṣẹ́ ẹ sí? Òfin rẹ̀ ni pé ojú ìlà tí ásíìdì jẹ gbọ́dọ̀ bọ́ sí inú ibi tí a ṣẹ́. Ẹnìkan tí kò mọ̀, bíi tèmi, á ṣẹ́ ẹ sódì, á tún dá a padà, á wá gbọ́ kọ̀. Idẹ tó ti di ìdajì kì í gba ìṣẹ́ léèmejì. Àwòrán inú ìwé náà ṣókùnkùn bí fọ́tò ìwé ìrìnnà ayé àtijọ́, nọ́ńbà apá 22 àti 23 sì gba ipò ara wọn.

Ibi tí mo gbádùn jù ni ríbẹ́ẹ̀tì, ìṣó tí wọ́n fi ń so irin pọ̀. Lẹ́yìn pátákó kọ̀ọ̀kan, ásíìdì ti jẹ àmì tóótòòtó sí ibi tí ríbẹ́ẹ̀tì wà lára ọkọ̀ gidi. Èèyàn á gbé irin tó ṣónṣó lé e, á fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́, kókó á sì yọ lójú kejì. Mo kà á: 186. Alẹ́ méjì gbáko. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Sùúrùlérè lórí fídíò, mo fi hàn án. Ó dákẹ́, ó sún mọ́ fóònù.

"Èyí tó wà lápá òsì yẹn, ó yẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bó ṣe kéré tó."

"Bàbá ò ní gbà á wọlé."

Mo tún un ṣe.

Ẹjọ́ tí mo ní gan-an wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́fà, ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ lápá ọ̀tún àti òsì. Ihò tó wà lára ọ̀pá gbọ́dọ̀ jìnnà síra bí ihò ẹsẹ̀ ṣe jìnnà síra lára férémù. Tèmi kò bára mu. Mo wọ̀n ọ́n ní ìgbà márùn-ún: 0.3 mìlímítà ló fi yàtọ̀ láàrin ẹsẹ̀ àárín àti ti ẹ̀yìn. Ẹ lè ní kí ni 0.3. Òun ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ yí ẹsẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kó má há. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé mo tú ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yí kúrò lára férémù, mo ki irin gígùn tó ṣónṣó lẹ́nu bọ ihò wọn, mo gbé ọ̀pá kọ́ ẹnu irin yẹn kó lè jẹ́ pé ọ̀pá fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà, kí n tó jó wọn mọ́ ibẹ̀ padà. Ìpárí ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn gbà.

Nígbà tí mo sọ fún ẹni tó ṣe é, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mọ̀, àṣìṣe wà lára àwòrán tí wọ́n fi ṣe pátákó àkọ́kọ́, òun sì ní bébà àlàyé fún un. Ó mọ̀! Bébà wà, kò sì sí nínú páálí mi. Ọkùnrin tó fún mi ní ọ̀pá èéfín lọ́fẹ̀ẹ́ náà nìyẹn, ìdí nìyí tí inú mi kò fi mọ ibi tó máa dúró sí.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì kò gbọdọ̀ dọ́gba ní yíyí o. Bí ọ̀pá apá kan bá wà lókè, ti apá kejì gbọ́dọ̀ fi ìdámẹ́rin ìyípo yàtọ̀ sí i. Bíi àwọn méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ni: bí ọmọ odó tibí bá fi máa balẹ̀, tọ̀hún ti wà lójú ọ̀nà. Lára ọkọ̀ gidi, èyí ni kì í jẹ́ kí píṣítìnì méjèèjì há sí ìpẹ̀kun lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ni mo fi díwọ̀n tèmi, mo ń wo bí ọ̀pá inú ẹsẹ̀ ṣe bá ara wọn mu láti ẹ̀gbẹ́. Ìwé wọn fún un ní ìlà kan ṣoṣo: "To ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ."

Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀dà. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, torí omi ásíìdì tí a fi ń jó o ò ní ṣíwọ́ iṣẹ́ (ó ti dípẹtà sára gbogbo fáìlì tí mo gbàgbé sórí tábìlì), kí ẹ sì fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń di irin mú kùn ún kọ́kọ́. Ẹ ṣí fèrèsé. Ìyàwó mi gbóòórùn rẹ̀ nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi jẹun lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ J72 dúdú ni, ṣùgbọ́n ní 1960 wọ́n fi àwọ̀ ewé North Eastern Railway kun méjì, 68723 àti 68736, fún iṣẹ́ ibùdókọ̀ Newcastle àti York. Mo mú 68723.

Òjé tí mo kó sínú táńkì rẹ̀ jẹ́ kó wọn gíráàmù 240. Ó ń fa kọ́ọ̀ṣì márùn-ún láìyọ̀, ó sì lè rọra rìn débi tí èèyàn lè ka ìyípo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Jíà ń dún bíi ẹ̀fọn. Kò sí fàkàfìkì kankan níbẹ̀.

Ìdájọ́ mi: fún irin, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Fún ìwé, méjì, ọ̀kan nínú méjì náà jẹ́ fún bébà tó dára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá tíì jó idẹ rí, kó má fi èyí bẹ̀rẹ̀. Kó ra wágúnnù ẹrù olówó pọ́ọ́kú kọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹni tó bá ti mọwọ́, kó rà á, ṣùgbọ́n kó béèrè bébà àlàyé yẹn kó tó sanwó, kó sì wọn ọ̀pá kó tó fi iná kan ohunkóhun.

Èmi ti tún kọ̀wé sí ọkùnrin náà. Ojú irin àtijọ́ ilẹ̀ wa fẹ̀ ní mìlímítà 1067, ní ìwọ̀n àwòkọ tí mo ń lò ìyẹn jẹ́ mìlímítà 14 géérégé. Mo béèrè bóyá ó lè fi ásíìdì jẹ idẹ fún mi tí mo bá ya àwòrán ọkọ̀ Èbúté-Mẹ́tta kan ránṣẹ́. Ó ní kí n ya á wá. Ó ní ìwé àlàyé rẹ̀ náà, èmi ni kí n kọ ọ́.