Aago ṣọ́jà: ojúlówó W.W.W., ẹ̀dà owó pọ́ọ́kú, àbí G10? Èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú ọ̀rọ̀ aago ṣọ́jà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ kí owó tó bọ́ lọ́wọ́ yín. Aago mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: W.W.W. kan ti 1945, ẹ̀dà ẹ̀ kan tí mo rà ní 62 pọ́ùn, àti CWC G10 kan (aago ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tí ilé iṣẹ́ Cabot Watch Company ṣe) tí wọ́n kọ 91, ìyẹn 1991, sí lẹ́yìn. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, méjì wà lórí tábìlì, ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ni mo ti wọ̀ lọ síṣẹ́ alẹ́ níbí ní London, ọ̀kan nínú wọn sì fojú mi rí màbo. Mi ò ní máa sọ bí wọ́n ṣe fẹ̀ tó tàbí pé ojú wọn dúdú, ẹni tó bá ti ń wá irú aago báyìí ti mọ ìyẹn sórí.

W.W.W. yẹn kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì o. Watch, Wrist, Waterproof ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pè é, ilé iṣẹ́ méjìlá ní Switzerland ló bá wọn ṣe é, 1945 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Omega, Longines, IWC àti Jaeger-LeCoultre wà níbẹ̀, Cyma, Record, Timor, Vertex, Lemania, Eterna àti Buren náà wà níbẹ̀, Grana ló ṣọ̀wọ́n jù. Tẹ́ ẹ bá rí Grana lówó pọ́ọ́kú, ẹ sá.

Ọ̀rọ̀ owó ò gba àlàyé. W.W.W. ti kọjá ẹgbẹ̀rún pọ́ùn, ẹ̀dà ò ju owó bàtà lọ, G10 wà láàárín, ó kàn sún mọ́ ẹ̀dà ju W.W.W. lọ ni. Tèmi jẹ́ 140. Ọ̀rọ̀ omi náà ò gùn: Waterproof tí wọ́n kọ sí W.W.W. yẹn, waterproof ti 1945 ni, ẹ má fi fọ abọ́. G10 ni mo fi ń fọ abọ́.

Ibi tó ti dùn mí ni ọ̀rọ̀ ojúlówó yìí gan-an, torí náà ẹ fara dà á fún mi tí mo bá pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ aago ni mo ti rí W.W.W. tèmi, ọjọ́ Sunday ni. Ọkùnrin tó ń tà á béèrè ibi tí mo ti wá, mo ní Nàìjíríà, mo tún wá fẹnu ara mi sọ pé bàbá tó bí bàbá mi lọ sógun Boma. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí aago tó wà nínú gíláàsì fi di aago ọ̀gá ṣọ́jà kan tó kó àwọn ọmọ West Africa jagun ní Boma. Orí mi wú. Ó ní 1,250 pọ́ùn, ó yọ 50 fún mi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni pé ó ta mí lọ́rẹ.

Ká ní mo dúró ronú díẹ̀ ni. Ẹ̀ka ológun 81 ti West Africa ti wà ní àfonífojì Kaladan ní Boma láti 1944, 82 tẹ̀lé e wọ Arakan, W.W.W. ò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé àfi 1945, ọdún yẹn kan náà ní oṣù kẹjọ ni Japan túúbá. Báwo ló ṣe wá rìn dé ọwọ́ ọ̀gá wọn nínú igbó? Aago tí wọ́n ní kí W.W.W. tó dé, aago ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní A.T.P. ni, tàbí aago àpò tí wọ́n ń pè ní G.S.T.P., èyí tí ẹ ṣì lè rí rà lówó tó mọ níwọ̀n dòní. Bákan náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé W.W.W. òun wà ní Normandy ní Faransé lọ́jọ́ tí àwọn ṣọ́jà balẹ̀ síbẹ̀ ní 1944, ẹ rọra dá a padà sínú gíláàsì ẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni aago tèmi fi ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ju aago fóònù mi lọ lójúmọ́, ni mo bá gbé e lọ bá bàbá òyìnbó kan tó ti ń tún aago ṣe láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan ló ti gbé tọ́ọ̀ṣì UV, èyí tó máa ń tan iná aláwọ̀ àlùkò, ó tàn án sójú aago, ó paná yàrá, ó pa tọ́ọ̀ṣì. Nọ́ńbà àti ọwọ́ aago ń tàn bí iná Kérésìmesì. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní ọ̀dà rediọ́ọ̀mù ni wọ́n fi kun W.W.W. nígbà tó jáde. Rediọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ ò tíì kú o, tó bá pé 1,600 ọdún ìdajì ẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ èròjà tó ń bá a tàn nínú ọ̀dà yẹn ni rediọ́ọ̀mù ti jó gbẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ojúlówó tẹ́ ẹ sì pa á, òkùnkùn ni, bóyá kó ṣẹ́jú fìrí kó kú. Èyí tó bá ń tàn lọ lẹ́yìn tí tọ́ọ̀ṣì ti kú, ọ̀dà àná ni.

Ó wá ṣí i. Ojú aago máa ń ní ẹsẹ̀ méjì lẹ́yìn, bí ìṣó tíntín, tó ń wọ ihò lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe é fún. Bàbá yí ti tèmi dojú dé: wọ́n ti gé ẹsẹ̀ méjèèjì, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, gọ́ọ̀mù pupa rúsúrúsú bí èyí tí wọ́n fi ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ó fún mi ní lẹ́ǹsì ẹ̀ pé kí n wo àmì ọfà tó wà lójú ẹ̀, àmì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ yẹn. Mo wò ó, tóótòòtó ni, bí àwòrán inú ìwé ìròyìn téèyàn bá gbé e sún mọ́ imú. Púrínítà ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Inú aago ará ìlú ni wọ́n ti tú u. Ìdérí ẹ̀yìn nìkan ló jẹ́ ti ológun, òun nìkan ni nọ́ńbà ẹ̀ pé. Ìdérí ni mo rà ní 1,200 pọ́ùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò tiẹ̀ ṣeé fi dé ìkòkò.

Mo pe ọkùnrin yẹn. Ohùn ẹ̀ ò mì, ó ní, "REME ló pààrọ̀ ẹ̀."

REME ni ẹ̀ka tó ń tún nǹkan ṣe fún àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì, ibi tọ́rọ̀ sì ti le nìyẹn, torí òótọ́ ni pé wọ́n ń pààrọ̀ nǹkan. Lójú tiwọn irin iṣẹ́ ni aago, kò yàtọ̀ sí ṣọ́bìrì. Ọwọ́ aago tibí lọ sí tọ̀hún, ìdérí eléyìí lọ bo ẹlòmíì, nígbà tó yá wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ojú tó ní rediọ́ọ̀mù, wọ́n ń fi ojú tuntun sí i tó ní lẹ́tà T nínú róńdó kékeré, T yẹn ni tritium, èròjà míì tó ń mú kí ojú aago tàn. Àwọn yẹn kì í ṣe ayédèrú, MoD dial ni wọ́n ń pè é (MoD ni ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ológun), èmi tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ nítèmi. Àwọn oníjìbìtì ló wá sọ REME di agbòjò, gbogbo nǹkan tí ò bá bára mu ni wọ́n ń kó sábẹ́ ẹ̀. Àmọ́ REME ò fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ ojú aago.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ra W.W.W., ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí i lójú yín kówó tó jáde. Tó bá ní òun ò ní irin tí wọ́n fi ń ṣí i, ẹ ní kó lọ yá a. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń rà á, ẹ gba àwòrán ẹ́ńjìnnì, ti inú ìdérí, àti ti ojú aago láti ẹ̀gbẹ́. Kí W.W.W., ẹsẹ̀ adìyẹ, nọ́ńbà ológun àti nọ́ńbà ilé iṣẹ́ hàn kedere lẹ́yìn ẹ̀, èyí tí wọ́n ti fi máṣíìnì dán títí tí nọ́ńbà fi ń parẹ́, ẹ má san owó odindi fún un. Irin méjì tó gbé okùn dúró, tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n jó mọ́ ara aago, tẹ́nì kan bá ti gé e torí kó lè fi okùn aláwọ sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó gé e. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ojú ẹ̀ láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni, eruku rediọ́ọ̀mù kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fà símú.

Ó yá, ẹ̀dà. Ẹ̀dà yàtọ̀ sí ayédèrú o. Ẹ̀dà kọ orúkọ ara ẹ̀ sójú, ó ní mo fìwà jọ bàbá yẹn, èmi kọ́ ni bàbá yẹn. Ayédèrú ni èyí tó kọ Rolex sójú tó ní òun ni Submariner, aago Rolex tí wọ́n fi ń wọ inú omi, tí wọ́n fún Royal Navy, àwọn ọmọ ogun orí omi Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó jẹ́ pé ojúlówó yẹn ò pọ̀ rárá, owó ilé tó dáa ní Ìbàdàn ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀dà tèmi, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, ẹ́ńjìnnì Seiko tó ń lo bátìrì ló wà nínú ẹ̀, kò sáré kò fà, ó sì ń tàn lóru títí di ìdájí, ìyẹn ni mo fi ń mọ ìgbà tí mo máa yí aláìsàn padà láìtan iná fóònù sí wọn lójú. Okùn tó bá a wá ń rùn bí táyà, mo jù ú nù, mo fi okùn náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ eérú sí i. Ó fúyẹ́ jù fún mi, mo máa ń gbàgbé pé mo wọ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ fi ta èèyàn yín lọ́rẹ, kò sẹ́ni tó máa rà á.

Ẹ̀dà tún wà tó bá magasíìnì wá. Ẹ̀gbọ́n kan ní mẹ́jọ, mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kàn dáa láti fi mọ irú ojú aago tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ tó náwó gidi.

G10 wá ńkọ́? Lórúkọ fọ́ọ̀mù G1098 tí ṣọ́jà ń fọwọ́ sí kí wọ́n tó fún un lẹ́rù ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. CWC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1980, bátìrì ni, ìdérí kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi kọ́ìnì ṣí, ẹ pààrọ̀ bátìrì fúnra yín, ó parí. Wọ́n kọ W10 sí ti àwọn ọmọ ogun ilẹ̀, 0552 sí ti Navy, 6645-99 tẹ̀lé e, ọdún sì wà nísàlẹ̀. Tèmi, ẹnì kan ti ha lẹ́tà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí ẹ̀, ó jọ pé ìṣó ló fi ha á. Mi ò mọ ẹni tó jẹ́, kò sẹ́ni tó pa ìtàn kankan fún mi nípa ẹ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀ ni pé wọ́n ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, kò sì wọ́n, ta ló máa wá jókòó máa fi púrínítà tẹ ojú aago 140 pọ́ùn? Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo rí wọn dá ni ti ìdérí tó ní 82, torí ogun Falklands tí Gẹ̀ẹ́sì bá Argentina jà ní 1982, wọ́n á yọ ọ́ sára aago ọdún mìíràn, wọ́n á bu owó lé e. Ẹ ra ọdún tí ò sógun. Àléébù ẹ̀ ni pé tritium ojú ẹ̀ ti kú, ọdún méjìlá péré ló fi ń dín sí ìdajì, tèmi ò tàn mọ́ rárá. Lóru fóònù ni mò ń wò. Kò burú.

Ẹni tó bá ní dandan àfi ojúlówó tí wọ́n ń yí lọ́wọ́, Smiths W10 wà, Cheltenham ni wọ́n ti ṣe é láàárín 1967 sí 1970, àmọ́ owó tòun náà ti ń gòkè, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì dání.

Ìdájọ́ mi: mi ò ṣègbè. Ẹni tó lówó tó ní sùúrù tó sì ní bàbá kan tó lè bá a ṣí aago, kó ra W.W.W. Ẹni tó kàn fẹ́ ìrísí, tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ̀dà ò ní jà á kulẹ̀. Ẹni tó fẹ́ aago tí ṣọ́jà wọ̀ lóòótọ́ kó sì sùn dáadáa, G10.

Ẹ̀dà tèmi ń lọ fún àbúrò mi l'Ábẹ́òkúta tí mo bá wálé ní Kérésìmesì. W.W.W. wà fún títà, 300 pọ́ùn, màá kọ ọ́ sí i pé ojú ẹ̀ ayédèrú, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti ará ìlú, ìdérí ẹ̀ ojúlówó, màá sì ṣí i lójú ẹni tó bá fẹ́ rà á. G10 ò sí fún títà.