Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú Albion Online: ohun tí ọmọ ahunṣọ rí níbẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń gbá Albion Online, géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbá pọ̀, lórí fóònù mi. Ogun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òwú àti aṣọ ló gba ọkàn tèmi. Ilé ahunṣọ ni wọ́n bí mi sí ní Ìlọrin. Òfì Bàbá ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa títí dòní, ìró rẹ̀ ni mo sì máa ń gbọ́ bí mo bá ń gbá géèmù yìí lọ́sàn-án.

Géèmù náà kì í ṣe tuntun lágbàáyé o, èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Sandbox Interactive, iléeṣẹ́ kan ní Berlin, ní Jámánì, ló ṣe é. Ó jáde sórí kọ̀ǹpútà ní 2017, ó di ọ̀fẹ́ ní 2019, ó dé orí fóònù ní 2021. Ní 2024 ni wọ́n ṣí sáfà Yúróòpù, ìyẹn ẹ̀rọ tí géèmù náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, òun ni mo sì yàn torí òun ló sún mọ́ wa jù. Àbúrò mi tó ń gbé ní Tankẹ nítorí yunifásítì ló fi hàn mí. Dátà òru ni mo fi gbà á sórí fóònù.

Kò sí pé kí ẹ yan jagunjagun tàbí oṣó níbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ bá wọ̀ lẹ jẹ́. Ẹ wọ agbádá oṣó, ẹ mú ọ̀pá iná dání, oṣó ni yín. Ẹ bọ́ ọ, ẹ wọ ẹ̀wù irin, ẹ ti di jagunjagun. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Ìtàn inú géèmù náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan nínú. Ẹni tó bá ń wá ìtàn aládùn, ibòmíràn ni kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹṣin. Àwọn tó ń ki ìlú wa máa ń ní ìlú tó tóbi tó báyìí, wọn ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Lẹ́yìn tí mo ti gun ìbaaka títí, ọjọ́ tí mo gun ẹṣin tèmi jáde ní ibodè, tí mo rí i bó ṣe ń sáré, inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó.

Ọjà ni ẹ̀mí géèmù yìí. Idà ni o, bàtà ni o, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí èèyàn ń lò níbẹ̀, ẹlòmíràn tó ń gbá géèmù náà bíi tiwa ló ṣe é. Iye owó yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, ẹrù kì í sì í fò lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jèrè ní láti dì í, kó gbé e sórí màlúù, kó sì rìn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kó ànàmọ́ láti Ọ̀fà wá sí Ìpàtà. Ẹ tún lè kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà àti iye tí ẹ máa san sílẹ̀, kí ẹ lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tí ẹ kò rí rí lè ti tà á fún yín.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Màá mú dòjé lọ sí ilẹ̀ àbàtà ní ẹ̀gbẹ́ Thetford, ìlú kan nínú géèmù náà, torí ibẹ̀ lòwú pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n Lymhurst, ìlú inú igbó, ni híhun rẹ̀ ti lérè jù: bí ẹ bá hun ún níbẹ̀, òwú tó máa ṣẹ́ kù padà sí yín lọ́wọ́ pọ̀ ju ti ìlú yòókù lọ. Aṣọ ìpele kejì, òwú kan péré ni. Ti ìpele kẹta, òwú méjì pẹ̀lú aṣọ ìpele kejì kan. Ti ìpele kẹrin, òwú méjì pẹ̀lú aṣọ ìpele kẹta kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gòkè dé ìpele kẹjọ. Ohun tó wú mi lórí jù lọ nìyí. Aṣọ ìpele òkè kò lè wáyé láìsí aṣọ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ hun, torí náà àwọn tó ti di ọ̀gá ń ra iṣẹ́ ọwọ́ àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti rí oníbàárà.

Ilẹ̀ ibẹ̀ pín sí mẹ́rin: aláwọ̀ aró, aláwọ̀ ìyeyè, pupa àti dúdú. Ní ti aró, kò sẹ́ni tó máa gba ẹrù yín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo wọ ilẹ̀ pupa. Géèmù náà kìlọ̀ fún mi lẹ́nu ibodè pé bí wọ́n bá pa mí, ohun tó wà lára mi àtèyí tó wà nínú àpò mi ti lọ nìyẹn. Mo kà á, mo wọlé, torí òwú ìpele karùn-ún ni mo ń wá. Mo ti ká a fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mo bẹ̀rẹ̀ sídìí igi òwú kan, dòjé ń lọ fìn-ìn fìn-ìn, ni mo rí ẹni mẹ́ta tí wọ́n ń bọ̀ lórí ẹṣin. Kí n tó dé ìdí ẹṣin tèmi, ọfà ti bà mí. Ìlú ni mo ti jí, láìsí fìlà, láìsí ẹṣin, láìsí òwú.

Ọkàn mi bàjẹ́ gidi. Mi ò fọwọ́ kan fóònù títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo wá rò ó, mo rí i pé ìyẹn gan-an ló ń gbé ọjà ró. Apá kan ẹrù ẹni tó kú máa ń bàjẹ́ pátápátá, ẹni tó pa á pàápàá kò ní rí i mú. Bí aṣọ kò bá gbó, kí ni ahunṣọ máa máa hun? Ẹ ṣáà má wọ ohun tí ojú yín ò lè kúrò lára rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ẹni tí kò bá san Premium, ìyẹn owó tí a ń san fún àǹfààní àfikún nínú géèmù náà, 8% ni owó orí ohun tó bá tà lọ́jà. Ẹni tó san án, 4%. Ìyàtọ̀ náà ń wọ ọlọ́jà lára. Ẹ lè fi fàdákà inú géèmù ra wúrà, kí ẹ fi wúrà ra Premium. Ohun tí mo ń tu owó jọ fún nìyẹn. Fóònù mi kéré, ìka mi sì máa ń bo ọ̀tá mọ́lẹ̀ bí ìjà bá le. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa náà ń ṣe ségesège ní bí aago mẹ́jọ alẹ́. Lásìkò bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ aláwọ̀ aró ni mo máa ń jókòó sí.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, Bàbá wá jókòó tì mí.

"Kí lo wá ń hun níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ wò ó, Bàbá, ẹ̀wù ni." Mo fi ọ̀kan tí mo rà hàn wọ́n.

"Ta ló hun ún?"

Mo tẹ ẹ̀wù náà, orúkọ ẹni tó ṣe é jáde, torí géèmù náà máa ń kọ orúkọ oníṣẹ́ sára iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá gba fóònù, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀.

"Èyí dáa," wọ́n ní. "Gbogbo alàárì tí mo hun tó lọ sí Èkó, ta ló mọ̀ pé èmi ni?"

Ẹ̀wù ìpele kẹrin mẹ́rin tí orúkọ tèmi wà lára wọn ni mo ti tà ní Lymhurst. Ìkarùn-ún wà lórí àtẹ.