Ìkànnì tó ń wọn ọ̀nà bàálù yìí kò mọ afárá Third Mainland

"Mọ́mì, ti Paris ló dínwó jù," èjẹ́ńtì kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Ìkẹjà ló ń bá mi sọ bẹ́ẹ̀.

Bàtà ni mò ń tà ní Balógun, Guangzhou ní Ṣáínà ni mo ti ń kó o. Mo yọ fóònù, mo ṣí ìkànnì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi hàn mí. Èèyàn á tẹ orúkọ pápákọ̀ òfurufú méjì, ìkànnì náà á sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra àti iye wákàtí tí bàálù máa lò. Èkó sí Paris, 4,700 kìlómítà. Paris sí Guangzhou, bíi 9,450. Ó ti lé ní 14,000, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tààrà ò ju bíi 11,700 lọ. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹni tó ń lọ Ìbàdàn ló máa kọ́kọ́ yà sí Abẹ́òkúta ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó wá mú tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Addis Ababa, ní Ethiopia, jáde.

Ọ̀fẹ́ ni ìkànnì náà, kì í jẹ dátà, àmọ́ ìpolówó inú ẹ̀ pọ̀ bí eṣinṣin nídìí ẹran.

Ọ̀rọ̀ wákàtí ni mo fẹ́ bá a fà. Ó ní wákàtí mẹ́rìnlá ni Èkó sí Guangzhou. Mẹ́rìnlá kẹ̀! Èmi tí mo kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ni mo débẹ̀? Lóòótọ́, aago tiwọn fi wákàtí méje ṣíwájú tiwa, ìkànnì náà ò sì sọ ìyẹn. Àmọ́ ìgbà tí mo yọ ọ́ kúrò náà, odindi ọjọ́ kan ló kù.

Mo wá tẹ Addis wò. Èkó sí Addis, 3,900. Addis sí Guangzhou, bíi 8,000. Ẹ rò ó pọ̀: kò fi 300 kìlómítà ju ọ̀nà tààrà lọ. Á jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà ló ń jẹ wákàtí mi. Ìjókòó ni. Lórí àga irin ní Addis, mo fi báàgì ṣe ìrọ̀rí, mo wé okùn ẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe bàálù kan ni mò ń ta gìrì.

Èkó náà ń gba tiẹ̀. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo jáde fún bàálù aago kan ààbọ̀. Afárá Third Mainland ò ju 11.8 kìlómítà lọ, bàálù tó ń sáré 850 kìlómítà ní wákàtí kan ò ní lo ìṣẹ́jú kan lórí ẹ̀. Èmi lo wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn dánfó tó ń tú èéfín sí mi lójú.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Màá fi ìkẹrin kún un lọ́jọ́ tó bá ka ìjókòó Addis mọ́ ọn.